Eegun Ẹ̀yìn Ọ̀tún

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni ìyá mi fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní èdè Yorùbá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, síbẹ̀ èmi tí wọ́n bí kì í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ sí wọn lórí fóònù pé "Mo ti de ile", wọn á dá a padà pé, "Ṣé o dé ilé ni, àbí o de ilé mọ́lẹ̀?" Èmi á ní wọ́n ṣáà mọ ohun tí mò ń sọ. Wọn á ní, "Èmi mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á bá ọ kà á." Mo máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni a ń gbé, nínú ọ̀kan lára àwọn kúlóòsì, ìyẹn àwọn àdúgbò kéékèèké, tó wà ní Fẹ́sítáàkì l'Ékòó. Bí ẹ bá wọ pálọ̀ wa lásìkò tí mò ń wí yìí, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó rí ni ògiri tó ní àwọ̀ méjì. Ọdún méjì ṣáájú ìgbà náà ni mo ti sọ fún ìyá mi pé kí wọ́n má wulẹ̀ pe akunlé, pé èmi fúnra mi ni n ó kun ilé. Mo kun ògiri mẹ́ta àti àbọ̀. Àbọ̀ tó kù ṣì wà nínú àwọ̀ ewé àtijọ́, ibi tí mo kùn sì funfun bíi wàrà. Ìyá mi gbé kàlẹ́ńdà ìjọ kọ́ síbi tí àwọ̀ méjèèjì ti pàdé, ṣùgbọ́n ògiri ga ju kàlẹ́ńdà lọ. Nígbà tí ọdún yí, wọ́n gbé kàlẹ́ńdà tuntun kọ́ síbẹ̀. Ọdún tún yí, wọ́n tún gbé òmíràn kọ́. Àlejò tó bá béèrè, wọn á ní, "Ọmọ mi ń kùn ún lọ́wọ́."

Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa dá àwọn oníbàárà ilé-iṣẹ́ kan lóhùn lórí kọ̀ǹpútà láti inú yàrá mi. Kì í sì í ṣe ògiri nìkan ni mi ò parí. Gìtá kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi tí mo mọ orin kan àti àbọ̀ lórí ẹ̀. Kọ́ọ̀sì kan wà tí mo kà títí tó fi ku ìdánwò ìkẹyìn, mo ní kí n sinmi díẹ̀, mo ṣì ń sinmi. Ìbẹ̀rẹ̀ nǹkan máa ń dùn mọ́ mi púpọ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ gbà mí nímọ̀ràn lórí ohun tí mò ń ṣe, inú á kọ́kọ́ bí mi sí i ná kí n tó gbọ́ ohun tó sọ.

Irú èèyàn tí mo jẹ́ nìyẹn nígbà tí mo ra mọ́tò. Mọ́tò tí mò ń wí yìí kò gùn ju apá mi lọ láti ìgbọ̀nwọ́ dé ìka. Bátìrì ló ń wà á, rìmóòtù ni mo sì fi ń darí ẹ̀. Kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé o. Mo ti bá èèyàn mẹ́ta jà lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Gbogbo ohun tó wà lára mọ́tò ńlá ló wà lára ẹ̀, a sì lè tú u palẹ̀ títí dé síkúrù ìkẹyìn, ká tún un tò bó ṣe wù wá.

Alhájì tó tà á fún mi ní ṣọ́ọ̀bù létí ọ̀kan lára àwọn áfẹ́níù, níbi tí wọ́n ti ń ta mílíìkì, ṣúgà àti bísíkíìtì. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni wọ́n. Wọ́n lọ wá fíríìsà tòkunbọ̀ ní Mazamaza lọ́jọ́ kan, wọ́n bá páálí kan tó kún fún irú mọ́tò kéékèèké bẹ́ẹ̀ nínú ẹrù tó ti òkè òkun dé, wọ́n gbàgbé fíríìsà. Láti ìgbà náà ni àwa márùn-ún, Alhájì àti àwa mẹ́rin tó rà á lọ́wọ́ wọn, ti ń pàdé ní Sátidé méjì méjì lóṣù, ní pápá tẹ́níìsì kan tí ẹnikẹ́ni kò gbá tẹ́níìsì lórí ẹ̀ mọ́. A ó fi rọ́bà omi tó ti gbó la ọ̀nà sórí kọnkéré, a ó sì sáré ìje ogún ìyípo. Alhájì ló sábà máa ń gba ipò kìíní. Wọn á di rìmóòtù mú bí ẹni di tẹ̀sùbáà mú, ojú wọn kò ní ṣẹ́ títí ìje á fi parí.

Alhájì náà ló sọ eegun lórúkọ. Láti inú mọ́tò yìí lọ sí ìdí táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan, ọ̀pá irin kúkúrú kan wà tó ń gbé agbára lọ bá táyà, èyí tí àwọn mẹkáníìkì mọ́tò ńlá ń pè ní ṣáàfù. Orí ẹ̀ méjèèjì rí róbótó, àárín ẹ̀ sì tín-ín-rín, bí eegun itan adìẹ tí ẹni tí ebi ń pa ti jẹ ẹran ara ẹ̀ tán. Wọn kì í fi síkúrù dè é. Orí kan wà nínú ife irin kékeré níhìn-ín, orí kejì wà nínú ife lọ́hùn-ún, ìyẹn ni táyà fi lè máa lọ sókè sódò kó sì tún máa yí. Ṣùgbọ́n bí táyà bá já wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, orí á yọ kúrò nínú ife, eegun á fò lọ. Mọ́tò tí eegun ẹ̀ bá ti yọ, ìje tirẹ̀ ti tán nìyẹn.

Eegun tèmi, ti ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, gbogbo ìje ló máa ń yọ. Ó lé ní ọdún kan tí mo ti ń sáré, mi ò tíì parí ìje kan rí. Nígbà mìíràn, ìyípo kẹta ló máa ń yọ. Ó yọ ní ìyípo kọkàndínlógún lọ́jọ́ kan, mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti yan ẹnì kan láàárín ara wọn tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ kó máa wo ibi tí eegun mi bá fò sí, ká má baà máa fi ọjọ́ ṣòfò níbi tí a ti ń wá a nínú koríko.

Alhájì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọn kò sì fi pamọ́ fún mi. Ìdí táyà kọ̀ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀kì kan, kékeré bí ìka ọmọ ọwọ́, tí epo wà nínú ẹ̀. Bí epo bá ki, mọ́tò á le gbagidi. Bí epo bá ṣàn, mọ́tò á rọ̀. Mo ti wo fídíò àwọn òyìnbó, mo rí i pé mọ́tò tiwọn máa ń le, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́lẹ̀, ni mo bá ra epo tó ki jù.

"Àbúrò, mọ́tò rẹ ti le jù," Alhájì á ní. "Orí kápẹ́ẹ̀tì làwọn òyìnbó yẹn ti ń sáré. Kọnkéré Fẹ́sítáàkì rèé. Gbòǹgbò igi ti gbé e sókè níbí, ó ti sán lọ́hùn-ún. Mọ́tò tó bá le á fò níbẹ̀. Tó bá fò, táyà á já, eegun á yọ. Jẹ́ kó rọ̀, jàre."

"Mo ti gbọ́, sà," èmi á ní. Mo máa ń padà sílé lọ wá epo tó tún ki ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Pálọ̀ ni mo ti máa ń tún un ṣe, torí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ pọ̀ sí. Mo ní ìwà kan: bí mo bá ń ṣiṣẹ́, mo máa ń bá ohun tó wà lọ́wọ́ mi sọ̀rọ̀ sókè. "Eegun yìí, kí ni mo fi ṣe ọ́? Eegun yìí, ìwọ nìkan lọ̀tá mi láyé." Ìyá mi á jókòó sápá kejì, wọn á máa ṣa ẹ̀wà, wọn á wò mí láti òkè dígí ojú wọn, wọn kò ní sọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kan ṣáá, wọ́n sọ̀rọ̀. Wọ́n dúró síwájú ògiri aláwọ̀ méjì, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ pe orúkọ nínú kíláàsì.

"Mo fẹ́ bá ọ ṣe àdéhùn. Parí ìje kan ṣoṣo kí oṣù yìí tó parí, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́tò yẹn sí ọ mọ́ láyé. Tí o ò bá parí ẹ̀, àwọn ọmọ àbúrò mi ní Alákijà ló ni ín."

"Mọ́mì, ọjọ́ kan péré làwọn ọmọ yẹn á fi bà á jẹ́ pátápátá."

"Wọ́n á ti parí nǹkan kan nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ eegun, mo sì gba àdéhùn náà pẹ̀lú ìbínú. Ìje méjì ló kù nínú oṣù. Nínú àkọ́kọ́, eegun yọ ní ìyípo kẹrin. Ìje kan ló wá kù láàárín èmi àti Alákijà.

Ọjọ́ Túsìdeè tó tẹ̀ lé e, mo gbé mọ́tò jáde síwájú ilé láti dán an wò. Mi ò tíì tẹ rìmóòtù dáadáa tí eegun fi yọ. Inú bí mi gan-an ni. Mo fi ọwọ́ tó dọ̀tí gbé fóònù, mo ní kí n kọ̀wé sí àwọn oní-mọ́tò ẹgbẹ́ mi lórí Wasáàpù, bóyá ẹnì kan á rí nǹkan sọ. Ohun tí mo kọ rèé, bí mo ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́:

"E gba mi o. Egun yii tun ti yo. Gbogbo ere ti mo ba ti bere, egun yii ni ki i je ki n pari e. O ti le ni odun kan. Ta lo mo ohun ti mo le se si i?"

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Eegun tó yẹ kó ní e méjì, ẹyọ kan ni mo fún un, ó sì lè di ègún. Eré ìje ni mo ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kà á sí èrè, ó lè kà á bẹ́ẹ̀. Èyí ì bá má ti burú ká ní àwọn oní-mọ́tò ni mo fi ránṣẹ́ sí. Ẹgbẹ́ àdúrà ìyá mi ló gbà á. Ìyá mi ti fi mí sínú ẹgbẹ́ yẹn láìbi mí, orúkọ ẹgbẹ́ méjèèjì sì tẹ̀ lé ara wọn lójú fóònù mi.

Ìdáhùn kọ́kọ́ dé láti orí nọ́ńbà kan tí mi ò mọ̀: "Egun naa ti fo loni. O ti fo tuutuu."

Eegun kan péré ni mo ní nípamọ́, ó ti tẹ̀, mo sì ti gbé e fún Alhájì kí wọ́n bá mi nà án. Mo rò pé àwọn ló fi láìnì tuntun kọ̀wé, pé níbi tí wọ́n ti ń nà án ló ti ṣẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Mo yára dáhùn: "Ha, e jowo, e ma je ko fo. Egun yen nikan lo ku ti mo ni."

Ẹlòmíràn wá kọ ọ́ pé, "Kii se oun lo n soro yen." Ẹlòmíràn tún ní, "Egun naa ko fe lo. E je ka gbaawe ojo meta." Lẹ́yìn ìyẹn ni bàbá àgbàlagbà kan dá sí i, ọmọ Ègùn láti Àgbádárìgì tí wọ́n ti ń gbé kúlóòsì wa kí n tó dáyé: "Emi ni Egun ti mo wa ninu egbe yii. Ki ni mo fi se omo yii?"

Ìgbà yẹn ni mo tó gbé ojú sókè wo orúkọ ẹgbẹ́.

Mo ṣì ń ronú bí n ó ṣe pa á rẹ́ nígbà tí ìyá mi jáde wá bá mi níwájú ilé. Fóònù wà lọ́wọ́ wọn, omi sì wà lójú wọn. Mi ò rí omi lójú ìyá mi rí láti ìgbà tí bàbá mi ti kú.

"Ohun tí o kọ yẹn," wọ́n ní, "òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí pé kí o fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́."

Mo la ẹnu kí n sọ pé ṣáàfù ni. Ẹnu mi kò gbé e. Ta ló fẹ́ wo ìyá ẹ̀ lójú nínú omijé kó ní ọ̀rọ̀ mọ́tò bátìrì ni? Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì." Bí mo ṣe di ẹni tí ègún ń bá jà nìyẹn, ní agogo mẹ́rin ọ̀sán, pẹ̀lú rìmóòtù lọ́wọ́.

Ọjọ́ Tọ́sìdeè ni wọ́n wá, àwọn mẹ́fà láti inú ẹgbẹ́ àdúrà. Ìyá tó ń darí wọn, tí gbogbo kúlóòsì ń pè ní Àǹtí Àdúrà, ló ṣíwájú. Bàbá ọmọ Ègùn náà wá pẹ̀lú, wọ́n jókòó sórí àga tó sún mọ́ mi jù. "Èmi wá ṣọ́ ẹnu yín ni," wọ́n ní. "Ẹ máa pè é dáadáa o. Ègún ni kẹ́ ẹ máa lé jáde. Ẹnikẹ́ni tó bá lé Ègùn, mo wà níbí."

Àǹtí Àdúrà mú mi yí pálọ̀ ká títí wọ́n fi dá mi dúró síwájú ògiri. Wọ́n wo àwọ̀ ewé, wọ́n wo àwọ̀ wàrà, wọ́n gbé kàlẹ́ńdà sápá kan wo ẹ̀yìn ẹ̀.

"Ta ló kun èyí?"

"Ọmọ mi ń kùn ún lọ́wọ́," ni ìyá mi wí.

"Láti ìgbà wo?"

Ìyá mi na ọwọ́, wọ́n dá kàlẹ́ńdà padà sáyè ẹ̀. Àǹtí Àdúrà mi orí, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn dìde. Wọ́n gbàdúrà náà débi pé ajá aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ń gùn mí lọ́fun, mo sì ń fi ikọ́ bò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, tí wọ́n ní gbogbo ohun tí mo bá dáwọ́ lé ni n ó máa parí láti òní lọ, mo gbọ́ tí ìyá mi ṣe àmín lẹ́yìn mi, ẹkún wà nínú ohùn wọn. Ẹ̀rín náà kúrò lọ́fun mi. Ojú tì mí. Mo ṣe àmín tèmi, ó sì ti inú mi wá.

Kí wọ́n tó lọ, Àǹtí Àdúrà gbé ìgò òróró kékeré kan sórí tábìlì mi, láàárín àwọn síkúrù àti táyà. Wọ́n ní kí n máa fi ra iwájú orí láràárọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó yẹ kí n ti gbé ìgò yẹn kúrò níbẹ̀. Epo ṣọ́ọ̀kì tèmi náà wà nínú irú ìgò kékeré bẹ́ẹ̀, ìwé tó wà lára ẹ̀ sì ti bó lọ láti ọjọ́ pípẹ́.

Àárọ̀ Sátidé, òjò ṣú, wọ́n mú iná lọ, inú pálọ̀ ṣókùnkùn. Mo fọwọ́ kan mọ́tò, mo rí i pé ṣọ́ọ̀kì kan ti jò. Mo yára tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo da epo wọn nù, mo fa ìgò tó sún mọ́ mi, mo rọ epo tuntun sínú wọn. Ó ṣàn wọlé yàtọ̀ sí bó ṣe máa ń ṣe, mo sì sọ fún ara mi pé ooru ló fà á. Mo wá rántí àṣẹ Àǹtí Àdúrà. Mo mú ìgò kejì, mo tú u sọ́wọ́, mo fi ra iwájú orí mi dáadáa. Èyí kò wọ ara bí ó ṣe wọ ara láàárọ̀ àná, ṣùgbọ́n mo ti pẹ́.

Bí mo ṣe dé pápá, Alhájì ń wò mí ṣáá.

"Àbúrò, kí ló dé tí orí rẹ ń dán báyìí?"

"Òróró àdúrà ni, sà."

Wọ́n fi ìka kan kàn mí níwájú orí. Wọ́n fi àtàǹpàkò pa á lára ìka, wọ́n gbé e símú. "Èyí kì í ṣe òróró. Epo ṣọ́ọ̀kì nìyí. Èyí tó ki jù tí mo ní kí o má rà." Wọ́n wo mọ́tò tó wà lábẹ́ apá mi. Èmi náà wò ó. Alhájì tú orí ṣọ́ọ̀kì kan, wọ́n fi imú sí i. "Kí ni mo ń gbóòórùn báyìí? Òróró ólífì?"

Mo ní kí wọ́n dúró dè mí kí n tú u dà nù, Alhájì ní òjò ń bọ̀, pé ìje kò lè dúró de ẹnì kan. Mo ní ó dáa, mi ò sáré mọ́. Ibẹ̀ ni mo ti gbójú sókè tí mo rí ìyá mi ní ẹnu géètì pápá, àga rọ́bà kan lọ́wọ́ wọn, Àǹtí Àdúrà lẹ́yìn wọn pẹ̀lú àga tiwọn. Wọ́n rọra gbé àga kalẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ léra bí àwọn tó wá wo ìdánwò. Kò sí ibi tí mo lè sá gbà mọ́.

Mo gbé mọ́tò kalẹ̀. Nígbà tí a gbéra, gbogbo wọn fi mí sílẹ̀ lọ. Tèmi ń mì lọ sọ́tùn-ún, ó ń mì lọ sósì, ó ń rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ tó ti jẹun yó. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Mo ń retí ibi tí gbòǹgbò ti gbé kọnkéré sókè, níbi tí mọ́tò mi ti máa ń fò, mo sì ti ń ka owó ọkọ̀ tí n ó fi gbé e lọ sí Alákijà nínú ọkàn mi. Mọ́tò dé ibẹ̀. Ó tẹrí ba, ó gun orí rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, gbogbo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń tẹ ilẹ̀. Kò fò rárá. Eegun kò yọ.

Ìyípo karùn-ún, kò yọ. Ìyípo kẹwàá, kò yọ. Ẹni tí wọ́n yàn láti máa ṣọ́ eegun mi kò rí iṣẹ́ ṣe. Nígbà tí mo dé ìyípo kẹẹ̀ẹ́dógún, àwọn mẹ́rin yòókù ti parí ìje tiwọn, kò sì sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́. Gbogbo wọn dúró sí etí rọ́bà, wọ́n ń wò mí. Ní ìyípo kọkàndínlógún, òróró bẹ̀rẹ̀ sí í jò láti ìdí táyà ẹ̀yìn, torí rọ́bà inú ṣọ́ọ̀kì kò mọ irú epo yẹn rí, ó sì ń fa ilà tóóró sórí kọnkéré. Ìdí mọ́tò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́lẹ̀. Mi ò sáré mọ́, mò ń bẹ̀ ẹ́ ni. Mo gbé e kọjá gbòǹgbò lẹ́ẹ̀kan sí i, mo yí igun ìkẹyìn, mo kọjá ilà.

"Alihamudulilai," ni Alhájì wí.

"Halelúyà," ni Àǹtí Àdúrà wí ní ìṣẹ́jú kan náà, àwọn méjèèjì sì wo ara wọn.

Ipò karùn-ún ni mo gbà nínú àwa márùn-ún. Mo fẹ́ sunkún, mo sì sun ún díẹ̀. Alhájì gbá mi léjìká. "Ṣé o rí i báyìí? Ó rọ̀. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń sọ ọ́." Ìyá mi dìde, wọ́n rìn wá sí àárín pápá, wọ́n gbé mọ́tò náà nílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Òróró kán sí wọn lọ́wọ́. Wọ́n gbóòórùn ẹ̀, wọ́n wo iwájú orí mi tó ń dán, wọ́n sì gbé mọ́tò náà lé mi lọ́wọ́.

Nígbà tí a ń padà lọ sílé, tí Àǹtí Àdúrà ti yà sí kúlóòsì tiwọn, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Wọ́n ti ní kí n wá jẹ́rìí ní ìjọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mi ò sì lè dúró síwájú pẹpẹ kí n parọ́. Mo yọ eegun tí Alhájì bá mi nà nínú àpò, mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́.

"Mọ́mì, ẹ dákun. Ohun tí mo kọ lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe ègún. Èyí ni. Eegun mọ́tò. E méjì ló yẹ kó ní."

Ìyá mi mú un, wọ́n yí i wò. "Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ka ìwé àwọn ọmọ tí kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀. Eegun tí o ti ń bá jà nínú pálọ̀ mi láti ọdún kan, ṣé èmi ni mi ò ní mọ̀ ọ́n?"

Ìgbà yẹn ni ó tó yé mi. Lọ́jọ́ tí mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn, ìyá mi kò bá mi wí lórí àmì ohùn. Ó yẹ kí ìyẹn ti ta mí lólobó.

"Kí ló dé tí ẹ jẹ́ kí wọ́n wá gbàdúrà nígbà náà?"

Wọ́n dá eegun náà padà sí mi lọ́wọ́. "Mo kọ́kọ́ kà á ní eegun. Mo tún un kà ní ègún. Ti ẹ̀ẹ̀kejì ló jóòótọ́ jù." Wọ́n ń rìn lọ níwájú mi bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, wọn kò wẹ̀yìn. Ó dùn mí gan-an.

Mi ò bọ́ síwájú jẹ́rìí ní Sọ́ńdè. Ní Mọ́ńdè, mo ṣí garawa ọ̀dà tó ti wà lẹ́yìn ilé láti ọdún méjì. Ó ti gan bí òkúta. Mo lọ ra òmíràn, wọ́n ní irú àwọ̀ yẹn kò sí mọ́, èyí tó sún mọ́ ọn jù ni mo gbà. Mo sọ kàlẹ́ńdà kalẹ̀, mo sì kun àbọ̀ ògiri tó kù láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìjókòó. Bí ẹ bá wo ògiri náà lọ́sàn-án, ẹ ó rí i pé wàrà ọ̀tún pọ́n ju wàrà òsì lọ díẹ̀.

Lẹ́yìn tí mo fọ búrọ́ọ̀ṣì tán, mo gbé fóònù, mo sì kọ̀wé sí ẹgbẹ́ àdúrà. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó rí gbogbo àmì náà tẹ̀: "Mo ti kun ògiri náà tán. Ẹ ṣeun." Mo gbọ́ tí fóònù ìyá mi dún nínú kíṣíìnì. Wọ́n jáde wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, dígí lójú, síbí ọbẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ka ohun tó wà nínú fóònù, wọ́n wo ògiri fún ìgbà pípẹ́, wọ́n tún un kà.

"Kò sí àṣìṣe níbẹ̀," wọ́n ní, wọ́n sì padà sídìí ọbẹ̀ wọn.